Ohùn Armida ní Gbọ̀ngàn Fadá

Ẹni tó bá ń wo sinimá ní Róòmù láyé ìgbà yẹn ti gbọ́ ohùn Armida, kò kàn mọ̀ ni. Àwọn arẹwà tí wọ́n ń yí ọkùnrin lórí nínú fíìmù, ẹwà ni wọ́n ní, ọ̀pọ̀ wọn ò lóhùn. Armida ló máa ń dúró nínú yàrá òkùnkùn, tí í fi ohùn tirẹ̀ sí wọn lẹ́nu. Òun fúnra rẹ̀ rèé, kò lọ́kọ, kò bímọ, òun nìkan ló ń dá jẹun alẹ́. Ọkùnrin ń tìtorí ohùn yẹn ra tíkẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tó ń tìtorí ẹ̀ kí i. Ó dùn ún wọra.

Nígbà tó gbọ́ pé fíìmù onítàn mẹ́rin kan ti dé abúlé wọn, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá ìyá rẹ̀, Màmá Zaira, tó ti fọ́jú. Nínú ìtàn kẹta, opó kan ń tan lọ́yà ọkọ rẹ̀ tó kú. Ohùn Armida ni látòkèdélẹ̀. Ó ní ẹni tí kò ríran, ohùn nìkan ni yóò gbọ́. Ó kéré tán, ìyá òun á mọ òun.

"Ṣáà fọwọ́ tọ́ mi tó bá kàn ọ́," ni Màmá wí, bó ti ń wé ìborùn dúdú rẹ̀.

"Rárá o, Màmá. Ẹ máa fúnra yín mọ̀ ọ́n."

Róòmù ti mú un gbàgbé pé gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ni ilé sinimá abúlé, àti pé ọwọ́ Fadá Fulgenzio ni àlùmọ́gàjí tí wọ́n fi ń gé ibi tí kò bá bójú mu kúrò nínú fíìmù wà. Ìtàn kejì parí, iná ṣẹ́jú, ló bá di ìtàn kẹrin.

"Fadá! Opó wa dà?" ni àwọn géńdé pariwo lẹ́yìn.

"Ẹni tó bá ń wá obìnrin kó lọ gbéyàwó!" ni Fadá dá wọn lóhùn.

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Armida ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n ń darí sílé, Màmá di apá rẹ̀ mú, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

"Mo gbọ́ ẹ o! Ìwọ ni Sístà ṣọ́ọ̀ṣì tó ń sunkún nínú ìtàn kejì. Ọmọ tí mo bí, ṣé mi ò ní mohùn ẹ̀ ni?"

Ẹlòmíì níbi iṣẹ́ wọn ló ni ohùn Sístà. Armida tún ọ̀fun ṣe. Ó wá fi ohùn Sístà yẹn dá ìyá rẹ̀ lóhùn:

"Èmi ni, Màmá."