Mọ́tò Òkúǹbete

Èmi ni mo fi ẹnu ara mi pa mọ́tò mi. Ohun tó ṣe é lójú títì kò pa á. Búrèèkì ló kọ̀ lọ́nà Òkè-Òyì, a já sínú odò kékeré kan lábẹ́ afárá, iwájú mọ́tò sì rún. Ìyá oníṣu kan nìkan ló fara pa, eyín rẹ̀ kan yọ, òun náà sì ti padà sọ́jà lọ́jọ́ kẹta.

Nígbà náà, òyìnbó kò tíì pẹ́ púpọ̀ ní Ìlọrin, mọ́tò sì ṣọ̀wọ́n débi pé àwọn àgbà máa ń dìde dúró tí wọ́n bá gbọ́ ìró rẹ̀. Èmi ọmọ àfáà, tó yẹ kí n jókòó ti wàláà, mọ́tò ni mo fẹ́. Mo fi oko tí bàbá mi fi sílẹ̀ ní Òkè-Òyì dógò lọ́dọ̀ oníṣòwò màlúù kan, mo sì ra mọ́tò akẹ́rù tí ẹlòmíràn ti lò rí. Igi igbá pọ̀ lóko náà, ibẹ̀ ni ìyá mi ti ń ká èso tó fi ń ṣe irú láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e wọlé ọkọ. Kò bá mi jà. Ohun tó sọ ni pé, "Gba oko yìí padà kí n tó kú. Tí n bá dé ọ̀dọ̀ bàbá ẹ, á bi mí léèrè ẹ̀." Mo ní inṣáláà, kò ní ju ọdún méjì lọ. Ẹ wo ẹnu!

Akọ̀wé ilé ìtajà òyìnbó tí mo ti ra mọ́tò náà ló ní kí n ṣe inṣọ́ránsì, kí n máa san nǹkan lọ́dọọdún, pé bí ewu bá ṣe mọ́tò, àwọn á dí i fún mi. Mo ṣe é, mo sì ń fi ìwé rẹ̀ yangàn bí ẹni tó ti Mẹ́kà dé. Lẹ́yìn jàǹbá náà, òyìnbó kan wá, ó yí mọ́tò ká lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ̀wé. Akọ̀wé túmọ̀ rẹ̀ fún mi: owó àtúnṣe ju owó mọ́tò fúnra rẹ̀ lọ, nítorí náà wọ́n ti kà á sí òkú. Bí mo bá fi òkú náà sílẹ̀ fún wọn, wọ́n á san owó tó tó gba oko padà. Bí mo bá gbé e lọ, díẹ̀ ni wọ́n á san, wọn kò sì ní ṣe inṣọ́ránsì fún un mọ́ láéláé. Mo ní mà á gbé e lọ. Alágbẹ̀dẹ àdúgbò wa ti sọ pé iwájú rẹ̀ á tọ́, ojú sì ń tì mí láti tún máa fẹsẹ̀ rìn.

Mo wá ń sọ kiri pé, "Òyìnbó ní mọ́tò mi kú." Àwọn èèyàn wá bá mi kẹ́dùn. Mo tẹ́ ẹní, wọ́n ń ní "Ẹ kú àdánù o, Ọlọ́run á fi àlùbáríkà dí i," èmi náà ń ṣe àmín, ó sì dùn mọ́ mi nínú ju bó ti yẹ lọ. Lọ́jà Ìpàtà, alápatà kan bi mí pé, "Ó kú ni, àbí ẹ dúńbú ẹ̀?" Mo ní, "Ó ti kú kí ọ̀bẹ tó dé." "Òkúǹbete nìyẹn!" ló wí, gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù.

Alágbẹ̀dẹ tún un ṣe lóòótọ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì gbé gbogbo ohun tí inṣọ́ránsì san lọ. Lọ́jọ́ ọjà, mo gbé e dúró ní Òkè-Òyì, ẹnì kan kò wọ̀ ọ́. Ìyá oníṣu tí eyín rẹ̀ yọ ló sún mọ́ mi.

"Ọmọ àfáà, má bínú. Mi ò lè gbé oúnjẹ tí mùsùlùmí máa jẹ lé òkúǹbete."

"Ìyá, mọ́tò ni, kì í ṣe ẹran!"

"Ìwọ náà lo sọ pé ó kú. Inṣọ́ránsì òyìnbó gan-an sá fún un. Ta ni èmi?"

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo bẹ àfáà àgbà kan, ó sọ fún wọn lọ́jọ́ Jímọ̀ pé kò sí ibi tí wọ́n ti ka mọ́tò mọ́ ẹran. Wọ́n gbọ́, wọ́n mi orí, wọ́n sì gbé ẹrù wọn lérí rìn lọ.

Ìyá mi nìkan ló wọ̀ ọ́. Ó ní kí n gbé òun lọ wo oko. Nígbà tí a dé ibẹ̀, kò wọ inú rẹ̀, etí ọ̀nà ló dúró sí. Èso igbá kan bọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó mú un, ó wò ó, ó sì rọra dá a padà sábẹ́ igi. Bí a ṣe ń padà bọ̀, ó ní, "Mọ́tò ẹ ò mà kú o. Ó ń rìn." Òjò ọdún yẹn kò tíì dá tí ìyá mi fi kú.

Ọjọ́ orí mi ti ju èyí tó fi kú lọ báyìí. Adìẹ ló ń sùn nínú mọ́tò náà lẹ́yìn ilé wa, àwọn ọmọ oníṣòwò màlúù ló sì ń dáko ní Òkè-Òyì. Ó dùn mí títí dòní. Ìpàtà ni mo ti ń ra irú, n kì í bèèrè oko tí igbá rẹ̀ ti wá. Mo mọ̀ pé bàbá mi ti bi ìyá mi léèrè. Ó ku èmi, n kò sì tíì rí ohun tí mà á sọ.