Òkè Tí A Ò Tíì Dé

Òórùn gààrí tí òjò ta sí pẹ̀lú epo bẹntirólù: bí mo bá gbọ́ ọ títí di òní, ara mi kì í balẹ̀ mọ́. Òórùn bọ́lẹ́kájà, ọkọ̀ onípákó ayé ìgbà náà, tí èmi àti ìyá àgbà wọ̀ láti Wásinmi lọ sí Abẹ́òkúta ni, láàárọ̀ ọjọ́ òjò kan. Ogun àgbáyé kejì kò tíì pẹ́ tó parí, mi ò sì ju ọmọ ọdún méje lọ. Ìyá mi wà ní ilé ìwòsàn ní ìlú, ó fẹ́ bímọ. Ní ìrọ̀lẹ́ àná rẹ̀ ni oníkẹ̀kẹ́ kan wá jíṣẹ́ pé ìyá mi ní kí wọ́n mú mi wá kí òun rí mi. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún mi, ṣùgbọ́n mo rí i pé ìyá àgbà ò lè jẹ ẹ̀kọ rẹ̀ tán.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ò lè gbàgbé bọ́lẹ́kájà. Bí òjò bá dé, wọn a tú aṣọ tapólì sílẹ̀ yí ọkọ̀ po, ẹ ò ní rí ìta mọ́. Bí ẹni jókòó lórí ìjàlọ ni mo ń ṣe. Mo mọ̀ pé òkè ńlá kan wà kí a tó wọ ìlú, òun ni mò ń retí. Fìtílà kan ń fì lókè orí wa. Nígbà tó yá, fìtílà náà fà sẹ́yìn, ó dúró bẹ́ẹ̀, èmi náà sì tẹ̀ mọ́ àpò gààrí ẹ̀yìn mi.

"Ìyá àgbà, a ti dé òkè!"

"A ti ń gùn ún, ọmọ mi. A ò ní pẹ́ dé ọ̀dọ̀ ìyá ẹ."

Inú mi dùn. Àfi bí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣe ká tapólì sókè láti tutọ́, tí mo rí oko ẹ̀gẹ́ tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò sí òkè kankan. Awakọ̀ ló kàn ń sáré sí i. Mo bú sẹ́kún, mo ní ìyá àgbà parọ́ fún mi.

"Ibi tí o wà ni mo wà," ni ó wí. "Ohun tó fà ẹ́ sẹ́yìn ló fa èmi náà. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná."

Mi ò gbọ́. Mo na ẹsẹ̀ méjèèjì, mo fi ń ti pákó iwájú kí ọkọ̀ lè yá. Èrò ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà ní, "Kí lo ń tì? Inú ọkọ̀ kọ́ ni wọ́n ti ń ti ọkọ̀." Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wolẹ̀, mo rí ẹsẹ̀ òun náà, ó le gbagidi mọ́ pákó kan náà.

A bá ìyá mi láàyè, àbúrò mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. "Kí ló dé tí ẹ pẹ́ tó báyìí?" ni ó bi wá. Ilẹ̀ ni ìyá àgbà jókòó sí, tó ń sunkún.

Mo dàgbà, mo kọ́ físíìsì. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́ wa pé ẹni tí a tì mọ́ inú àpótí tí kò ní fèrèsé kò lè mọ̀ bóyá òòfà ilẹ̀ ló ń fa òun, àbí àpótí náà ló ń sáré sí i, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde láàárín kíláàsì. Kò sí ohun tó wà nínú àpótí náà, ì báà ṣe fìtílà, tó lè sọ fún un. Ìyá àgbà ò parọ́. Ó dùn mí pé ó ti kú kí n tó mọ̀.

Mo wá fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kò lè ti ọkọ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ mi obìnrin ń rọbí, ọkọ mi ló ń wà wá lọ bá a ní Òkè-Ìlewó. Gíláàsì ọkọ̀ mọ́ kedere, gbogbo òkè ni mò ń rí.

"Kí lo ń tì níbẹ̀?" ni ọkọ mi bi mí.

Mo wolẹ̀. Ẹsẹ̀ ìyá àgbà ni mo rí.