Ọjọ́ Tí Màámi Wọ Ọkọ̀ ní Èjìnrìn

Omi ń bà mí lẹ́rù, mi ò sì tijú láti sọ ọ́. Ìkòròdú ni wọ́n bí mi sí. Béèyàn bá dúró lẹ́yìnkùlé wa láàárọ̀, á máa gbọ́ òórùn ọ̀sà. Síbẹ̀, láti ọjọ́ tí omi ti gbé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ, mi ò jẹ́ kí omi tó ju ti inú garawa lọ kan ẹsẹ̀ mi mọ́. Ìdí nìyẹn táwọn tó mọ̀ mí fi máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá ní mo ti bá wọn wọkọ̀ lọ wo ọ̀sà rí, bí òyìnbó tó wá gbafẹ́. Fàájì kọ́ ló gbé mi débẹ̀ o. Màámi ni.

Òwò gàrí ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe. Ọjà Èjìnrìn ló ti ń rà á, á sì kó o gba orí omi wálé. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ dojú dé. Àwọn kan yọ, wọ́n rí òkú àwọn kan. Bàbá wa àtàwọn àgbà ilé lọ sí Èjìnrìn, wọ́n pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó padà. Bàbá jókòó sórí àga rẹ̀, kò tiẹ̀ bọ́ bàtà. Ó ní, "A ò rí i."

Gbólóhùn yẹn ló ba ilé wa jẹ́. Ká ní wọ́n sọ pé ó ti kú ni, à bá sunkún, à bá pe àwọn aáfà, ká ṣe fìdáù, bó pẹ́ bó yá ojú wa ì bá gbẹ. Ṣùgbọ́n Màámi ní tí wọn ò bá ti rí i, a jẹ́ pé kò kú nìyẹn. Ó lé aáfà tó kọ́kọ́ dárúkọ fìdáù jáde nínú ilé. Ó ní kò sẹ́ni tó lè ṣi ọmọ òun mú láyé, torí ìka mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ibi yòówù kó wà, wọ́n á dá a mọ̀. Ẹnìkan tún wá sọ fún un pé omi máa ń gbé èèyàn lọ bá àwọn apẹja Ìlàjẹ, pé ẹlòmíì á gbàgbé ilé, á fẹ́yàwó sọ́hùn-ún. Mi ò mọ ẹni tó sọ ọ́ di òní. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká pàdé.

Gbogbo ọdún Iléyá ló ń rán bùbá àti ṣòkòtò fún un. Á dúró ti télọ̀ lórí, á máa bá a jà: "Fẹ̀ ẹ́ sí i níbi ìbàdí, ọmọ ọ̀hún á ti sanra díẹ̀ báyìí." Télọ̀ á wo ojú mi, èmi á wo òkè àjà.

Kí n má parọ́, èmi náà ń gbọ́ ọ. Tó bá di àṣálẹ́, kí wọ́n tó tan iná, ẹnìkan á máa wọ́ sílípáàsì bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe máa ń wọ́ ọ gẹ́lẹ́, á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá Màámi. Màámi á gbé orí sókè. Èmi náà á gbé orí sókè. A ò ní í rí ẹnikẹ́ni. A ò bá ara wa sọ ọ́ rí. Ta ló fẹ́ kọ́kọ́ lanu sọ irú ẹ̀?

Gbogbo ìgbà tí Màámi bá ní òun fẹ́ lọ bèèrè ọmọ òun lọ́wọ́ àwọn ará Èjìnrìn, Bàbá á ní, "Kò sí ibi tó ò ń lọ." Èèyàn jẹ́jẹ́ ni bàbá wa, kì í pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n tó bá ti kan ọ̀rọ̀ Èjìnrìn, ojú rẹ̀ á yí padà. Àwa rò pé ẹ̀rù omi ń bà á bó ṣe ń bà mí. Ó ṣàìsàn, ó kú. Màámi ṣe opó rẹ̀ pé, ó bọ́ aṣọ opó, ó sì wá kí mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta aṣọ ní Ágíríìkì.

Ibẹ̀ ló ti rí pátákó tí ọkùnrin kan gbé sójú títì. Ọkùnrin náà ń kó èèyàn lọ wo ọ̀sà: bọ́ọ̀sì dé Èjìnrìn, ọkọ̀ ojú omi láti Èjìnrìn dé Ẹ̀pẹ́, ẹja tútù jíjẹ ní Ẹ̀pẹ́, kí ilẹ̀ tó ṣú wọ́n ti gbé yín padà sílé. Màámi ní kí n kà á fún òun. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà.

"Èmi á lọ," ló wí.

"Lọ síbo? Màámi, àwọn ọmọdé tó ń ya fọ́tò ni wọ́n ń ṣe èyí fún."

"Ṣé mo ní kó o tẹ̀ lé mi ni? Ìwọ tí omi inú ife ń bà lẹ́rù."

Inú bí mi dé góńgó. Ṣùgbọ́n ta ló máa jẹ́ kí ìyá rẹ̀ nìkan lọ wá ẹni tí ò sí mọ́ kiri etí omi? Mo ti ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ náà, mo tẹ̀ lé e, mo ń kùn bí oyin.

Ìgbà ọyẹ́ ni. Nígbà tí a kọjá Ìmọ̀tà, ètè gbogbo wa ti funfun. Ọkùnrin tó ń fọ̀nà hàn wá dúró síwájú bọ́ọ̀sì, gbohùngbohùn kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń dápàárá ṣáá. Ọmọ Èjìnrìn ni, bíi ẹni àádọ́ta ọdún, ó sì lẹ́nu bí ẹyẹ ẹ̀gà. Ọkọ àti ìyàwó kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó jókòó lẹ́yìn wa, wọ́n ń rẹ́rìn-ín gbogbo ohun tó bá sọ. Màámi ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀nà ló ń wò.

Ní Èjìnrìn, ọkùnrin afọ̀nàhàn fi ibi tí ọjà àtijọ́ máa ń kún dé hàn wá. Ó ní láyé ọjọ́un, ọkọ̀ tó máa ń gúnlẹ̀ síbẹ̀ pọ̀ débi pé èèyàn lè máa gba inú wọn kọjá láì tẹ omi. Màámi kàn ń wo ojú àwọn ọkùnrin tó jókòó sẹ́bàá omi, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń wo ọwọ́ wọn. Nígbà tí mo rí i pé ọwọ́ wọn ló ń wò, mo mọ̀ pé ìka ló ń kà.

Wọ́n wọ ẹ̀wù pupa tí kì í jẹ́ kéèyàn rì fún wa, a wọkọ̀. Atukọ̀ jẹ́ bàbá àgbà kan tí kì í sọ̀rọ̀. Mo di pákó ìjókòó mú, mo ń ka gbogbo àdúrà tí mo mọ̀, àtèyí tí mi ò mọ̀ dáadáa. Màámi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó ti ọwọ́ bọ omi, ó ń jẹ́ kí omi máa wọ́ ọ lọ.

"Màámi, ẹ yọwọ́ kúrò níbẹ̀!"

"Èwo ló tún kù tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?"

A rìn títí, kùrukùru ọyẹ́ bo etí omi méjèèjì, kò sí ohun tí à ń rí ju omi dúdú àti ojúoró tó ń léfòó kọjá lọ. Ọkùnrin afọ̀nàhàn ní kí atukọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ nínú gbohùngbohùn rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ìtàn tó fi ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn ló kàn.

"Ibi tí a wà yìí," ló wí, "ọkọ̀ kan dojú dé síbẹ̀ nígbà kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ìkòròdú kan wà nínú rẹ̀. Títí dòní, bí ọyẹ́ bá mú báyìí, táwọn ọlọ́jà bá ń relé nírọ̀lẹ́, wọ́n á gbọ́ ẹnìkan tó ń pè wọ́n láti inú kùrukùru: 'Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Ìkòròdú lẹ ń lọ?'"

Ó fi ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin pè é. Ohùn náà lọ lórí omi, ó pẹ́ kó tó dáwọ́ dúró.

"Ẹ ò gbọdọ̀ dáhùn o. Ẹ bá dáhùn pẹ́nrẹ́n, ọwọ́ kan á yọ látinú omi, á di etí ọkọ̀ mú. Ẹ bá ka ìka rẹ̀, mẹ́fà ni."

Ìyàwó tuntun fi igbe ta, ó tún bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ ya fọ́tò omi. Mo ń ṣẹ́jú sí afọ̀nàhàn pé kó dákẹ́, mo ń ṣẹ́jú, kò rí mi. Màámi ti yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú omi.

"Ta ló ka ìka náà?" ló bi í, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Èmi alára, Màmá! Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ gúnlẹ̀. Bàbá rẹ̀ wá, ó mú àwọn àgbà ilé wọn àti aáfà dání. Wọ́n kírun sí i lára, àwọn àgbà ló lọ sin ín, bàbá ò tẹ̀ lé wọn. Ẹni tí omi bá sì gbé, etí omi la ń sin ín sí níbí, a kì í gbé e relé. Bàbá náà wá bẹ̀ wá pé ká má sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ti Ìkòròdú wá, torí ìyá ọmọ náà, pé tó bá gbọ́ pé oórì wà, kò sí èèwọ̀ tó máa..."

"Ẹ pa ẹnu yín dé!" Mi ò mọ̀ pé ohùn mi le tó bẹ́ẹ̀. "Ìyá rẹ̀ rèé!"

Gbohùngbohùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ọkọ̀, nínú omi tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀, kò lè sọ ju "Màmá, Màmá" lọ. Ìyàwó tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Èmi ò sunkún. Bàbá mi ni mò ń bínú sí, bàbá mi tó ti wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Torí kí ìyá má baà rí ojú oórì ọmọ rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ kó máa rán aṣọ fún òkú! Ọdún wo ni ẹ fẹ́ sọ fún un? Ta lẹ sì fẹ́ kó sọ fún un, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kú lọ?

Màámi ò wo ẹni tó dọ̀bálẹ̀. Inú kùrukùru ló ń wò.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ kì í dá a lóhùn?" ló wí.

"Màmá, a kì í dá irú ẹ̀..."

"Ọmọ ń bèèrè ọ̀nà ilé rẹ̀ láti gbogbo ọjọ́ yìí, ẹ wá ń wo ara yín lójú. Ṣé ẹ ò bímọ ni?"

Ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sójú oórì náà. Afọ̀nàhàn wo atukọ̀. Bàbá atukọ̀ tí kò tí ì sọ̀rọ̀ látàárọ̀ ló lanu. Ó ní, "Ẹ má bínú, ìyá. Òbí kì í rí ojú oórì ọmọ. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n lọ́wọ́ nínú rẹ̀." Màámi dìde, ọkọ̀ mì, mo fà á láṣọ. Mo rò pé yóò bú bàbá náà, mo rò pé yóò bẹ́ sómi. Ṣe ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó padà jókòó, ó wá kéré lójú mi lẹ́ẹ̀kan náà.

"Mo mọ̀ pé èèwọ̀ ni," ló wí. "Ṣé wọ́n ní mi ò mọ èèwọ̀ ni? Ẹni ọmọ sin ló bímọ, ta ni ò mọ̀ ọ́n? Wọn ì bá ti sọ fún mi." Ó yíjú sí mi. "Ìwọ lọ. Ìwọ kì í ṣe òbí rẹ̀."

Wọ́n rọra wa ọkọ̀ dé etí omi kan tí igi àgbọn dúdú díẹ̀ wà. Màámi yí ẹ̀yìn sí ilẹ̀, ó fa ìborùn bo orí àti ojú, ó jókòó bẹ́ẹ̀. Bàbá atukọ̀ na ọwọ́ sí ibi tí mo máa lọ. Mo bọ́ bàtà. Mo sọ̀ kalẹ̀ sínú omi tó dé orúnkún mi, èmi náà, mo sì rìn ín.

Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Òkúta kan ṣáá, tí kì í tiẹ̀ ṣe òkúta gidi, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù tí wọ́n gbé sílẹ̀ níbi orí. Mo fẹ́ gbàdúrà, àdúrà ò wá. Mo fẹ́ pe orúkọ rẹ̀, ẹ̀rù bà mí pé ó lè jẹ́ mi. Mo kàn dúró, kùrukùru ń gba ara mi kọjá, ó dá mi lójú pé ẹnìkan wà lẹ́yìn mi tó ń dúró kí n sọ̀rọ̀ kó lè bá mi lọ. Ìgbà náà ni ohùn kan pè mí láti orí omi. Mi ò dáhùn. Ó tún pè mí. Màámi ni, láti abẹ́ ìborùn rẹ̀.

"Ṣé ibẹ̀ gbẹ?"

Mo bojú wo ilẹ̀. Ẹrẹ̀ ti mu mí dé ọrùn ẹsẹ̀. Ìgbì kékeré kan gòkè wá bí mo ṣe ń wò ó, ó gun òkúta náà lórí, ó bò ó, ó sì rọra padà.

"Ìwọ ọmọ yìí, mò ń bá ọ sọ̀rọ̀. Ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, ṣé ó gbẹ?"

Mo ké sókè kó lè gbọ́ mi dáadáa.

"Ó gbẹ, Màámi! Ó gbẹ háúháú!"