Dísíkì Tí Moufidatou Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Pa Rẹ́

Moufidatou tó ń ya fọ́tò lẹ́bàá títì ní Manigri kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń pàṣẹ fún lẹ́ẹ̀mejì. Bí o bá pàṣẹ lẹ́ẹ̀kan, ó lè dá ọ lóhùn. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀yìn rẹ̀ lo máa rí. Ọmọ àgbẹ̀ oníṣu ni. Ó kọ́ṣẹ́ ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ Fataou, ọ̀gá ayafọ́tò kan ní Bassila, kó tó dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì ti ń ya àwọn ará Manigri àti Doguè fún káàdì ìdánimọ̀ láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn.

Orí dísíkì àtijọ́ inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni gbogbo fọ́tò náà wà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó yà ti kú, àwọn kan kò sì ya òmíràn rí láyé wọn. Lọ́dún tó kọjá, Fataou bá a fi dísíkì tuntun kékeré kan sí i, ó fi ètò tuntun tó ń darí kọ̀ǹpútà sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò àtijọ́ kò kúrò lórí dísíkì àtijọ́, ó gba àyè débi pé fọ́tò tuntun kò ráyè wọlé mọ́.

Fataou ní kó gbé kọ̀ǹpútà náà wá sí Bassila, òun á fọ́máté dísíkì náà, òun á pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́ pátápátá. Moufidatou bi í pé àwọn fọ́tò ńkọ́. Fataou ní ta ló ń wá fọ́tò òkú. Ọ̀rọ̀ yìí dun Moufidatou dé eegun. Ẹ wo ọ̀gá tó ti ń fi fọ́tò jẹun láti kékeré tó ń sọ bẹ́ẹ̀.

"Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ọ̀gá," ló wí. "Ètò yẹn nìkan ni yóò kúrò."

Fataou fi í rẹ́rìn-ín. Razak, ọkọ Moufidatou, bẹ̀ ẹ́ kó gbọ́ tọ̀gá. Ó fi àáké kọ́rí.

Ní Manigri, bí iṣu àkọ́kọ́ bá tó wa, àgbẹ̀ kì í fa ìtàkùn tu. Á hú ẹ̀gbẹ́ ebè, á gé iṣu lábẹ́ orí rẹ̀, á sì da erùpẹ̀ bo gbòǹgbò padà kí ó lè so èbù. Moufidatou ti ṣe é láìmọye ìgbà, bẹ́ẹ̀ náà ló sì fẹ́ ṣe èyí. Kó tó pa ohunkóhun rẹ́, ó kọ́kọ́ yọ okùn dísíkì àtijọ́, ó tan kọ̀ǹpútà wò. Kò jí. Ohun tó ń mú kọ̀ǹpútà jí ṣì wà lórí dísíkì àtijọ́. Fataou ló fi í síbẹ̀ lọ́jọ́ tó ń kánjú; ká ní ó ti pa dísíkì náà rẹ́ ni, kọ̀ǹpútà kò ní jí mọ́. Inú bí Moufidatou. Ó dá okùn padà. Ọ̀sán mẹ́ta ló fi ka àlàyé èdè Faransé lórí fóònù, títí dísíkì tuntun fi lè dá mú kọ̀ǹpútà jí. Ìgbà náà ló wá pa ètò àtijọ́ rẹ́. Fọ́tò kan kò sọnù.

Lọ́sẹ̀ yẹn, obìnrin kan tó ń jẹ́ Oumou wá láti Doguè. Wọ́n ti sin ìyá rẹ̀, kò sì ní àwòrán rẹ̀ kankan nílé. Moufidatou wá fọ́tò ìyá náà rí lórí dísíkì àtijọ́, ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Oumou fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ń sunkún.

Fóònù dún. Fataou ni. Ó ní òun gbọ́ pé ó ti fọwọ́ kan dísíkì náà. Bó bá bàjẹ́, kó má gbé e wá bá òun.

"Mo gbọ́, ọ̀gá," ni Moufidatou wí. "Bí tiyín bá bàjẹ́, ẹ gbé e wá sí Manigri."