Ọjọ́ Tí Ìyá Mi Fojú Rí Òkè Iná

Olùkọ́ jọ́gíráfì ni ìyá mi n'Ìbàdàn kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń fi ṣọ́ọ̀kì pupa ya òkè tó ń tu iná sójú pátákó, bẹ́ẹ̀ wọn ò rí ọ̀kan rí. Nígbà tí wọ́n wá kí mi ní Fort Washington tí mò ń gbé, mo bi wọ́n pé ibo ni kí n mú wọn lọ. Mo rò pé New York ni wọ́n máa sọ. Wọ́n ní, "Mú mi lọ wo òkè iná."

Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ ohun tí orúnkún àgbàlagbà lè ṣe. Lọ́jọ́ tí mi ò bá lọ síbi iṣẹ́, a máa ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Potomac títí ẹsẹ̀ wọn fi lágbára. Mo wá gba ìsinmi, a wọ bàálù lọ sí Hawaii.

Òkè náà ti dákẹ́ tipẹ́, kò tu iná mọ́. Nígbà tí a dé etí kòtò orí rẹ̀, ìsàlẹ̀ wa ni ìkùukùu wà. Kòtò náà fẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ, iyẹ̀pẹ̀ pupa ńbí, dúdú lọ́hùn-ún. Màmá fara ti ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọn, wọ́n tẹjú mọ́ ọn.

"Màmá, ṣé kò sí nǹkan?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Èmi tí mò ń sọ fáwọn ọmọ pé ó dà bí ẹnu ìkòkò! Odindi ìlú lèyí máa gbà."

Mo fẹ́ ká ya fọ́tò ká padà, àmọ́ wọ́n ti mú ọ̀pá wọn, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Mo tẹ̀ lé wọn. Nísàlẹ̀, a ò gbọ́ ìró ẹyẹ kankan. Nígbà tí àkókò ìrun Àìlà tó, omi mímu nìkan la ní, ni Màmá bá fi iyẹ̀pẹ̀ mímọ́ ṣe àlùwàlá, èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì forí kanlẹ̀ níbi tó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Bí a ṣe ń gòkè bọ̀, mo di ọwọ́ wọn mú láti wo bí ọkàn wọn ṣe ń lù.

"Fi ọwọ́ mi sílẹ̀ jàre. Ìwọ gan-an lò ń mí hẹlẹhẹlẹ."

Òótọ́ ni. Òòyì ti ń kọ́ mi, mo jókòó sórí òkúta. Wọ́n gba báàgì èjìká mi, wọ́n ń fún mi lómi díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń sọ bí iná ṣe to ògiri òkúta iwájú wa ní ìpele-ìpele, títí ara mi fi balẹ̀. Ìgbà náà ni mo mọ irú olùkọ́ tí àwọn ọmọ yẹn ní.

A ń sinmi ní gbogbo kọ́nà títí a fi jáde. Nígbà tí a dé òtẹ́ẹ̀lì, mo bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú abọ́, mo fọ ẹsẹ̀ wọn. Iyẹ̀pẹ̀ òkè náà mú kí omi náà pọ́n. Kí n tó nu èkejì gbẹ, wọ́n ti sùn lọ lórí àga.