Agbárí Ọ̀nì Tí N Kò Fi Han Bàbá Odò

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló fa àpò kan jáde lábẹ́ ibùsùn mi. Ọjọ́ kẹjọ tí a sin ọkọ rẹ̀ ni. Ẹní tí àwọn àlejò yóò jókòó lé ló ń wá. Nígbà tó tú ẹnu àpò, agbárí ọ̀nì ló bá níbẹ̀, ó ti dúdú bí igi tó pẹ́ nínú omi, eyín sì kù sí i lẹ́nu.

"Akọ̀wé, kí lèyí?"

Orúkọ tó ń pè mí nìyẹn láti ìgbà tó ti wọlé wa, nítorí pé mo lọ sí ilé ìwé girama, kò sì lè dárúkọ àbúrò ọkọ rẹ̀. "Ẹ" ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dàgbà jù mí lọ.

"Inú odò lo ti rí i, àbí? O rí i, o wá gbé e pa mọ́?"

Kò pè mí ní "o" rí. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé mo wọ ewu. Kí n tó dìde, ó ti gbé e jáde sábẹ́ igi máńgòrò, níbi tí àwọn tó wá kí wa jókòó sí.

Yanrìn ni àwa ọkùnrin abúlé wa ní Ọ̀nà-Àrá ń wà nígbà náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, tí ilé tuntun ń pọ̀ sí i yí Ìbàdàn ká. A ó gún ọparun gígùn mọ́lẹ̀ nínú odò, a ó dì í mú, a ó sì mòòkùn lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú korobá. Ẹnì kejì yóò wà nínú ọkọ̀ ojú omi, yóò máa fi okùn fa korobá náà sókè. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ ń lo ọparun kan.

Òfin kan wà. Bí a bá rí egungun ẹranko lábẹ́ omi, a kò gbọdọ̀ gbé e lọ sílé. Lọ́jọ́ náà gan-an ni a ó fi han olórí wa, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Odò. Wọn á bi wá léèrè ibi tí a ti rí i, wọn á sì ní ká dá a padà sínú omi. Wọn kì í sọ ìdí rẹ̀.

Lábẹ́ bèbè òdìkejì ni mo ti rí agbárí yẹn. Mo fẹ́ gbé e lọ fi han olùkọ́ mi àtijọ́ kan ní Ìbàdàn, kó lè rí i pé èmi náà ṣì mọ ohun tó níye lórí. Ẹ̀gbọ́n mi rí i nínú korobá. "Fi han Bàbá o," ló wí. Ní ìrọ̀lẹ́, ó bi mí:

"Ṣé o ti fi hàn wọ́n?"

"Mo ti fi hàn wọ́n."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọn ò wí nǹkan kan."

Ọ̀sẹ̀ kejì ni bèbè yẹn ya lulẹ̀ sínú omi, tí ẹ̀gbọ́n mi wà nísàlẹ̀. Èmi ni mo di okùn mú. Mo fà á títí, kò wá.

Lábẹ́ igi máńgòrò lọ́jọ́ náà, ariwo sọ.

"Akọ̀wé! Ilé ìwé wo ni wọ́n ti ní kó o máa kó egungun sábẹ́ ibùsùn?"

"Ẹ jẹ́ ká gbé òun náà sọ sómi, kó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀!"

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó náà, awakọ̀ kan tó ń gbé Ẹgbẹ́dá, kò pariwo. Ó sún mọ́ mi, ó ní, "Ibikíbi tí mo bá ti rí ẹ, àdá ni màá fi kí ẹ." Ìyá mi bọ́ sáàárín wa, wọ́n sì dì mọ́ mi.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Bàbá Odò. Nígbà tí Bàbá dé, wọ́n gba agbárí náà, wọ́n yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Níbo lo ti rí i?"

Mo sọ ọ́. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Inú ihò lábẹ́ bèbè ni ọ̀nì ń gbé. Níbi tí a bá ti rí egungun rẹ̀, ihò lè wà nítòsí. Bí a bá ń wa yanrìn ìdí ihò bẹ́ẹ̀, bèbè á ya. Ìdí tí mo fi ń béèrè nìyẹn. Ká ní o fi hàn mí ni, ǹ bá ti ní kẹ́ ẹ gbé ọparun yín kúrò níbẹ̀."

Ẹnì kan béèrè ìdí tí wọn kò fi sọ fún wa láti ọjọ́ yìí. Wọ́n ní, "Bí mo bá sọ ọ́, oníkálukú á máa fúnra rẹ̀ pinnu, wọn ò ní í mú un wá mọ́." Wọ́n ní egungun kọ́ ló pa ẹ̀gbọ́n mi, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn mí, ṣùgbọ́n kí n má wọ odò mọ́. Ìbá sàn fún mi ká ní wọ́n sọ pé odò ló bínú.

Àwọn awayanrìn gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Awakọ̀ Ẹgbẹ́dá kò gbà. Mo sá lọ sí Ìrókò lọ́dọ̀ ìbátan ìyá mi, mo ń gbin ẹ̀gẹ́. Bí mo bá gbọ́ ìró mọ́tò, mo máa ń wọ inú oko lọ. Ọdún mẹ́rin ni mi ò fi dé ilé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbójú sókè láti orí ebè, awakọ̀ náà ni mo rí tó ń bọ̀. Mo ju ọkọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

"Má sá," ló wí. "Àbúrò mi ló rán mi. Ìyá yín ń ṣàárẹ̀, wọ́n sì fẹ́ rí ẹ. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀. Ó ní ọparun kan lẹ jọ ń lò, ọkọ òun náà ti ní láti rí egungun yẹn, ó sì gbà kẹ́ ẹ máa wa yanrìn níbẹ̀ lọ, pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ṣàṣìṣe."

Ẹ̀gbọ́n mi kò ṣe àṣìṣe kankan. Èmi ló gbà gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi, mo wo ojú ọkùnrin náà, ẹ̀rù bà mí.

"Ẹ ṣeun, bọ̀dá," ni mo wí.

Ó ṣílẹ̀kùn iwájú mọ́tò fún mi, mo sì wọ inú rẹ̀.