Òkété Tí Bàbá Mi Kì Í Jẹ

Bàbá mi kì í jẹ òkété. Mùsùlùmí ni, àlùfáà tó kọ́ ọ ní kéú sì ti sọ fún un láti kékeré pé ohunkóhun tó bá ti jọ eku kì í ṣe ẹran òun. Síbẹ̀, ní gbogbo Ìsọlọ̀ nígbà náà, mi ò mọ ẹni tó ń pa òkété tó o. Iṣẹ́ télọ̀ ló ń ṣe. Bó bá ti di ọjọ́ Sọ́ńdè, yóò da aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, yóò wọ ṣòkòtò pénpé kan tí oje ẹ̀gẹ́ ti sọ di dúdú, ó di oko. Àwọn Kìrìsítẹ́nì àdúgbò ló ń jẹ ohun tó bá pa. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, kò sì yà mí lẹ́nu.

Ìyá mi a máa bi í pé, "Bàbá wọn, kí lẹ ń wá lọ sídìí ohun tí ẹ ò ní í fi kan ẹnu?" Òun á ní òkété ń ba ẹ̀gẹ́ olóko jẹ́, ìrànlọ́wọ́ ni òun ń ṣe. Irọ́ ni. Ọdẹ náà gan-an ló dùn mọ́ ọn. Mo ti tẹ̀ lé e rí kí n tó lọ sílé ọkọ, mo sì mọ bí ojú rẹ̀ ṣe máa ń rí nídìí ihò, bí ojú ọmọdé tó gbọ́ pé ọdún dé.

Òkété kì í ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Èyí tí ènìyàn rí ni iwájú ilé. Ó ti gbẹ́ òmíràn sẹ́yìn, ó ti fi iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ bò ó, ibẹ̀ ni yóò gbà sá lọ. Ẹni tó bá fẹ́ pa á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá gbogbo àbáyọ wọ̀nyí kó sì dí wọn, kó ṣẹ́ ọ̀kan kù tí ajá àti ẹni tó mú kùmọ̀ yóò dúró tì. Nígbà náà ni wọn óò kó ìháhá àti ata gbígbẹ sẹ́nu ihò, wọn óò ṣáná sí i, wọn óò máa fẹ́ èéfín rẹ̀ wọlé. Abẹ̀bẹ̀ ni gbogbo ayé fi ń fẹ́ ẹ. Bàbá mi nìkan ni kì í lo abẹ̀bẹ̀. Ó ní ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí òun gbọ́ ìrìn òkété nínú ilẹ̀. Ẹnu ló fi ń fẹ́ iná. Yóò dojú bolẹ̀, yóò fẹ́ ẹ, yóò gbé etí sílẹ̀, yóò tún fẹ́ ẹ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a sì máa yìn ín pé ọ̀gá ni.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni mo bí àkọ́bí mi, obìnrin. Ìyá ọkọ mi ti kú, kò sí ẹni tí yóò bá mi wẹ ọmọ nílé ọkọ mi ní Mafolúkù, ni mo bá gbé ọmọ mi wá sílé wa. Bàbá mi sọ mí di Ìyá Ìkókó. Bí mo bá ń fọ́mọ lọ́mú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kọjá, yóò ní, "Ìyá Ìkókó, má gbàgbé mi o. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu." Ọjọ́ ogbó rẹ̀ ló ń wí, pé àwa ọmọ ni a óò máa bọ́ òun. A jọ ń rẹ́rìn-ín sí i ni. Ó ti gé bùbá kékeré kan fún ọmọ náà de Iléyá, ó ku kó so apá rẹ̀ mọ́ ọn.

Sọ́ńdè kan nínú ọ̀gbẹlẹ̀, òun àti káfíńtà tó ń gbé ojúlé kejì sí wa mú ajá lọ sí oko ẹ̀gẹ́ kan lọ́nà Èjìgbò. Ilé ló kún ibẹ̀ lónìí. Ẹnu káfíńtà la ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n rí ihò kan nídìí òkìtì ọ̀gán. Ajá gbóòórùn ibẹ̀, ó fà sẹ́yìn, ó ń kùn. Káfíńtà ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé kò sí iyẹ̀pẹ̀ tuntun níbẹ̀, ẹnu ihò náà sì ń dán jù, ó jọ pé onílé ti kó jáde, ẹlòmíràn ti wọ̀ ọ́. Bàbá mi ní àgbà òkété ló wà níbẹ̀, ajá kò mọ nǹkan kan. Ó dojú bolẹ̀, ó fẹ́ iná, ó sún mọ́ ọn kó lè gbọ́. Ejò sèbé tó wà nínú ihò náà yọrí, ó sì tu oró sí i lójú méjèèjì.

Káfíńtà sáré wọ ahéré olóko, ó gbé kèrègbè omi tó wà níbẹ̀. Ó kún. Ó gbé e dé orí bàbá mi. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni gbogbo wa ti gbọ́ ọ pé omi lásán kì í kan oró sèbé, pé ńṣe ni omi ń gbé e wọnú ojú lọ, omi ọmú obìnrin nìkan ló ń pa á. Bàbá mi gbọ́ ìró omi náà, ó figbe ta: "Dà á nù! Má fi kàn mí! Gbé mi lọ bá ọmọ mi nílé!" Káfíńtà da omi náà sílẹ̀, ó pọ̀n ọ́n. Ọ̀nà jìn, oòrùn sì ti mú.

Igbe káfíńtà la kọ́kọ́ gbọ́: "Ọlọ́mọ dà? Ẹ pe ọlọ́mọ o!" Wọ́n tẹ́ bàbá mi sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìpéǹpéjú rẹ̀ ti wú bí àkàrà. Ìyá mi gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó ní, "Kúnlẹ̀." Mo dúró gbagidi. Mo ní kí wọ́n gbé ife wá kí n fún un sí i. Bàbá mi náà yí orí sí ògiri, ó ń sọ pé, "Nínú ife, nínú ife ni." Ìyá mi ní bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i, kò ní í ṣiṣẹ́ mọ́.

Ó pariwo mọ́ wa: "Ojú yín ni mò ń wá, Bàbá wọn! Ẹ gbé ìtìjú sí ẹ̀gbẹ́ kan!"

Mo kúnlẹ̀. Mo sún aṣọ mi sísàlẹ̀, mo fi ìka ya ìpéǹpéjú bàbá mi, mo sì fún ọmú mi sójú rẹ̀, ọ̀tún, lẹ́yìn náà òsì. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ń gbàdúrà lábẹ́ ahọ́n. Ọmọ mi ń ké lẹ́yìn mi, ebi ń pa á. Ojú tì mí, ẹ̀rù bà mí, inú sì ń bí mi sí bàbá mi gan-an, nítorí ẹran tí kò ní í jẹ.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn títí ilẹ̀ fi ṣú, a tún ṣe é lọ́jọ́ kejì. Ìgbà tí ẹyinjú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í funfun la tó gbé e gba Òṣòdì lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò pe èmi àti ìyá mi síta. Ó ní ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ó wá bi wá pé, "Ṣé kò sí omi níbẹ̀ ni? Ká ní wọ́n da omi sí i lójú ẹsẹ̀, omi púpọ̀, omi lásán, ojú yìí ì bá má fọ́."

Ìyá mi jókòó sílẹ̀ níbi tó dúró sí. Nígbà tó dìde, ó ní, "Kò gbọdọ̀ gbọ́. Òun ló ní kí wọ́n dà á nù."

Kò sì gbọ́. Ó padà sílé, ó di ẹni tí a ń mú lọ́wọ́. Ìyá mi fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ so apá bùbá ọmọ náà, ó rí wọ́gọwọ̀gọ, ọmọ mi sì wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òwe òkété tí òun fi ń dá mi lára yá, àwọn kan ládùúgbò wá sọ ọ́ di orin lẹ́yìn wa. Títí di òní, mi ò tíì dárí jì wọ́n. Bàbá mi ṣì ń jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ láràárọ̀, yóò máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láìsí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ìró bàlúù tó ń kọjá lókè ló fi ń mọ bí ọjọ́ ti lọ tó. Gbogbo Sọ́ńdè ni káfíńtà ń wá jókòó tì í, kò lọ sóko ọdẹ mọ́. Bàbá mi yóò máa sọ fún àlejò pé, "Ẹ̀yìn ọkùnrin yìí àti ọmú ọmọ mi ni Ọlọ́run fi gbà mí. Ká ní wọ́n fi omi kàn án ni, ǹ bá ti kú." Ìyá mi a dìde wọlé.

Ọmọ mi ti ń sáré kiri nígbà tí mo wá kí wọn ní Sọ́ńdè kan. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan ń kọjá lọ sóko pẹ̀lú ajá àti kùmọ̀. Bàbá mi gbọ́ ìró ajá, ó pè wọ́n. Ó béèrè ibi tí wọ́n ń lọ, ó kọ́ wọn bí a ti í wá àbáyọ, inú rẹ̀ ń dùn. Ó wá ní, "Bí sèbé bá tutọ́ sí ẹnikẹ́ni nínú yín lójú, ẹ má fi omi kàn án o. Ẹ sáré gbé e wálé, ẹ wá ọlọ́mọ."

Wọ́n ní, "A gbọ́, Bàbá. Ẹ ṣé o."

Mo wo ojú wọn, ojú tó mọ́ gaara. Ìyá mi ń mi orí sí mi láti ẹnu ọ̀nà. Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́.

Mo ní, "Irọ́ ni o. Omi ni kí ẹ dà sí i. Lójú ẹsẹ̀, omi púpọ̀. Nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́ fún wa lọ́jọ́ náà."

Ẹsẹ̀ bàbá mi dúró lórí ẹ̀rọ. "Omi lásán?"

"Omi lásán, Bàbá."

Ó yíjú sí apá ibi tí káfíńtà jókòó sí. "Kèrègbè yẹn, ṣé omi wà nínú rẹ̀?"

Bàbá mi tún bi í.

"Ó kún, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ ní kí n dà á nù."

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bàbá mi pè wọ́n padà. Ó na ọwọ́ wá mi kiri, mo sì fún un ní ọwọ́ mi.

Ó ní, "Ìyá Ìkókó, wá nǹkan bu omi fún wọn mú lọ sóko. Kí o bù ú kún."